Dídín Iná Kù Kì Í Ṣe Dídín Eré Kù: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Ìfì-Oyin Àtijọ́

Gbólóhùn kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ léraléra tí ẹ bá dúró nídìí àwọn tó ń tún mọ́tò iná ṣe láti Marine Beach wọ Boundary ní Ajégúnlẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ bá mi dín iná ẹ̀ kù, eré ẹ̀ ti pọ̀ jù." Mọ́tò tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Òṣòdì o, èyí tó ń yí fáànù ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀, nítorí pé inú iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ tuntun ti ń wọ èdè wa lójoojúmọ́. Gbólóhùn yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fi ìbéèrè kan ránṣẹ́.

Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, oyin ló ń sìn báyìí. Ó ra ẹ̀rọ ìfì-oyin àlòkù kan tó ti inú kọ̀ntínà jáde, ọjà Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ti tan án, ńṣe ló máa ń ta gìrì, á sì sáré débi pé afárá ń fọ́ sínú rẹ̀. Oníṣẹ́ kan ní kó lọ ra régúlétọ̀ fáànù. Èkejì ní àfi kí wọ́n wé kọ́ìlì rẹ̀ tuntun. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ṣe méjèèjì, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń kó oyin jù. Ó ní, "Prof, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ lè ní kí ni onímọ̀ èdè ń wá nídìí mọ́tò. Èsì mi ni pé inú èdè ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe òmùgọ̀. Oníkálukú dáhùn ìbéèrè tó gbọ́, ìbéèrè tí wọ́n sì gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ náà ń béèrè.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe?

Nílé wa, fífún la máa ń fún oyin. A ó kó afárá sínú aṣọ tàbí asẹ́, a ó fi ọwọ́ fún un, oyin á kán sílẹ̀, ìda á kù sọ́wọ́. Oyin dára, ṣùgbọ́n afárá ti run nìyẹn. Àwọn kòkòrò oyin á tún bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ láti ìpìlẹ̀. Ní 1852 ni Lorenzo Langstroth gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ilé oyin tó ní férémù tí a lè yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1865, Franz von Hruschka, ọ̀gá ológun ilẹ̀ Austria kan tó ń sin oyin ní Ítálì, fi han àwọn olùsìn oyin ní ìlú Brno pé tí a bá yí férémù náà po kíákíá, oyin á fò jáde, afárá á sì kù ní odindi fún àwọn kòkòrò láti tún kún.

Ẹ wá rí i pé "fún" kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí. Kò fún nǹkan kan. Ńṣe ló ń fì í, bí ẹni ń fi kànnàkànnà fì òkúta. Àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa nínú "ẹbọ fífì". Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ẹ̀rọ ìfì-oyin. Ẹ ó fi ọ̀bẹ gé ìda tí àwọn kòkòrò fi dé ojú ihò afárá kúrò, ẹ ó to àwọn férémù sínú agbọ̀n irin tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ó yí agbọ̀n náà. Oyin á lọ lù mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, á ṣàn wálẹ̀, á gba ẹnu ẹ̀rọ jáde. Ilé oyin tí afárá rẹ̀ kàn so mọ́ ọ̀pá igi lókè, tí kò ní férémù yíká, kò bá ẹ̀rọ yìí mu. Afárá rẹ̀ á já ni.

Ìdí tí eré fi ju gbogbo nǹkan lọ

Ipá tó ń fa oyin jáde kì í bá eré gun òkè lọ́gbọọgba. Tí eré bá di ìlọ́po 2, ipá á di ìlọ́po 4. Tí eré bá di ìlọ́po 3, ipá á di ìlọ́po 9.

Ẹ jẹ́ ká fi férémù ńlá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí òun àti oyin inú rẹ̀ wọn kílò 3, tí àárín rẹ̀ sì fi 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí irin tó ń yí. Tí agbọ̀n bá ń yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lé láàádọ́ta... rárá, ẹ jẹ́ ká lo òǹkà tó rọrùn: ní ìyípo 60 ní ìṣẹ́jú kan, ipá tó wà lára férémù náà fi díẹ̀ ju ti ẹrù kílò 3 àti ààbọ̀ lọ. Ní ìyípo 150, ó di bíi kílò 23. Ní ìyípo 300, ó di bíi kílò 90, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ìda tí àwọn kòkòrò fi ẹnu mọ ni ẹ sì gbé ẹrù yìí kà lórí!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ìgbà tí afárá kún ló wúwo jù, ìgbà náà gan-an ló sì yẹ kí eré kéré jù. Bí oyin bá ṣe ń jáde ni afárá ń fúyẹ́, nígbà náà ni a lè máa fi eré kún eré kí èyí tó kù lè jáde. Ní ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ojú férémù ló kọ sí ara dúrọ́ọ̀mù, ẹ ó fì apá kan jẹ́jẹ́ títí yóò fi jáde dé ìdajì, ẹ ó yí férémù padà, ẹ ó fì apá kejì tán, kí ẹ tó padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju "tan" àti "pa" lọ kò lè ṣe èyí. Ohun tí a ń wá nìyí: ẹ̀rọ tó máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó máa ní ipá nígbà tó ń lọ jẹ́jẹ́, tó sì máa gun òkè bí a bá ṣe fẹ́.

Oore kan tí ojú ọjọ́ Èkó ṣe wá ni pé oyin kì í ki níbí bí ó ṣe ń ki ní ilẹ̀ òtútù. Ooru ń mú kí ó ṣàn, nítorí náà a kì í nílò eré tó pọ̀ tó tiwọn.

Iná kan, ìtumọ̀ púpọ̀

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún iná àdògán, iná gílóòbù, àti iná inú wáyà. Bí a bá dín iná sítóòfù kù, ọbẹ̀ á dẹwọ́ híhó. Bí a bá dín iná gílóòbù kù, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Èdè wa ti wá kọ́ wa ní òfin kan láì sọ ọ́ jáde: dín iná kù, iṣẹ́ á dín kù. Nídìí mọ́tò, òfin yìí máa ń ṣẹ nígbà míì, ó sì máa ń pani lówó nígbà míì.

Ìdí ni pé nǹkan méjì ni iná tó ń wọlé wa gbé dání. Àkọ́kọ́ ni ipá tó fi ń ti ara rẹ̀ gba inú wáyà kọjá, tí à ń fi volt wọ̀n. Èkejì ni iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí à ń fi hertz wọ̀n. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 volt àti 50 hertz. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt àti 60 hertz. Irú mọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ ló ń pinnu èwo nínú méjèèjì tó máa gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Irú mọ́tò mẹ́ta

Èkíní ni mọ́tò oníkábọ̀n tó ń lo iná ilé. Òun ló wà nínú blender, nínú ẹ̀rọ ìlu-ihò, àti lára ẹ̀rọ ìránṣọ oníná. Volt ló ń gbọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aránṣọ fi lè fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ máa lọ jẹ́jẹ́.

Ìkejì ni mọ́tò onímágínẹ́ẹ̀tì, tó ń lo iná tí kì í lọ kó bọ̀, irú ti bátìrì. Òun náà ní kábọ̀n, volt ló sì ń gbọ́ tirẹ̀. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfì-oyin tó ní ohun ìyí-eré láti ilé iṣẹ́ wọn.

Ìkẹta kò ní kábọ̀n rárá. Òun ló wà nínú ẹ̀rọ ìfami àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìlọta oníná. Hertz ni olúwa rẹ̀. Níbi 60 hertz, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn máa ń sá ìyípo bíi 1,725 ní ìṣẹ́jú kan; níbi 50 hertz, bíi 1,425. Tí ẹ bá dín volt rẹ̀ kù, kò gbọ́ pé ẹ ní kó dín eré kù. Ńṣe ni agbára ń tán lára rẹ̀. Tí volt bá di ìdajì, ipá tó fi ń yí á di ìdá mẹ́rin kan ṣoṣo. Á máa kùn, á máa gbóná, kò ní lè gbé agbọ̀n, kọ́ìlì á sì jó.

Ẹni tó bá gbọ́n á ní: fáànù òkè ilé ńkọ́? Irú kẹta yìí kúkú ló wà nínú ẹ̀, régúlétọ̀ sì ń dín eré ẹ̀ kù. Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ nìkan ni fáànù ń gbé. Bí eré rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni ẹrù afẹ́fẹ́ náà ti fúyẹ́ gan-an, wọ́n sì mọ mọ́tò rẹ̀ kí ó lè fara da kí eré rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ohun tí hertz wí. Agbọ̀n oyin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ gbéra ni ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù. Fáànù ló kọ́ wa ní òfin náà, a wá gbé e lọ síbi tí kò ti kan fáànù.

Bí ẹ ó ṣe mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ ka àwo kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara mọ́tò. Tí ẹ bá rí DC, irú kejì ni. Tí ẹ bá rí AC àti 60 hertz, tí ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ bíi 1,725, irú kẹta ni. Tí àwo náà bá ti re, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ mọ́tò: ìdérí kékeré méjì tó dojú kọra, tí a lè fi sukuru-díráfà tú, ibi tí kábọ̀n ń gbé nìyẹn. Àmọ́ tí ẹ bá rí ike tàbí irin tó yọ gọngọ bí iké lẹ́yìn mọ́tò, kapásítọ̀ ló wà nínú ẹ̀, irú kẹta ni. Ẹ má fọwọ́ lásán kan ẹnu kapásítọ̀ náà. Iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Ọ̀nà kan wà láti dá irú kejì mọ̀. Ẹ tú wáyà méjèèjì rẹ̀ kúrò lára gbogbo nǹkan, ẹ fọwọ́ yí irin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀, kí ẹ tún yí i. Tó bá le ju ti àkọ́kọ́ lọ, mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Tó bá jẹ́ irú kìíní, ohun ìṣàkóso tó ń gé iná ilé sí wẹ́wẹ́, irú èyí tó wà lábẹ́ ìka nínú ẹ̀rọ ìlu-ihò, á tó o. Kí ẹ rí i pé watt tí wọ́n kọ sí i lára ju ti mọ́tò lọ dáadáa. Régúlétọ̀ fáànù kékeré kò lè gbé e.

Tó bá jẹ́ irú kejì, ẹ wo volt rẹ̀. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 90 volt, pẹ̀lú ohun ìṣàkóso tó ń gba 120 volt. Tí ẹ bá kì í bọ iná wa tààrà, ó tán nìyẹn. Ẹ má sì ra ohun ìṣàkóso ti 230 volt fún un, nítorí 180 volt ni irú èyí máa ń gbé jáde, ìlọ́po méjì ohun tí mọ́tò lè gbà. Tiráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 110 á gbà á là, 50 hertz wa kò sì ní pa á lára.

Àwọn ẹ̀rọ tó pẹ́ jù máa ń fi wáyà tó ń gbóná dín iná mọ́tò onímágínẹ́ẹ̀tì kù. Ìdajì iná á di ooru, mọ́tò á sì rọ nígbà tí eré bá kéré, ìyẹn nígbà tí a nílò ipá rẹ̀ jù. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni PWM. Kì í rọ iná lọ́rùn. Ńṣe ló ń tan án, tó ń pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ìgbà títàn bá pẹ́ ju ìgbà pípa lọ, eré á pọ̀. Tí pípa bá pẹ́ jù, eré á kéré. Ìgbàkigbà tó bá tan, iná kíkún ni mọ́tò ń rí, nítorí náà kò rọ bíi ti àtijọ́.

Tó bá jẹ́ irú kẹta, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó rọrùn jù ni púùlì: púùlì 5 sẹ̀ǹtímítà lára mọ́tò, 24 sẹ̀ǹtímítà lára agbọ̀n, bẹ́líìtì láàárín wọn, 1,425 á di bíi 297. Ó dára, ṣùgbọ́n eré kan ṣoṣo lẹ ní, ó sì ṣì máa ta gìrì. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi mọ́tò kékeré oní-phase mẹ́ta rọ́pò, pẹ̀lú VFD. VFD máa ń gba iná ilé lásán, á sọ ọ́ di phase mẹ́ta, á sì yí hertz fúnra rẹ̀. Ẹ lè sọ fún un pé kó fi ìṣẹ́jú àáyá 30 gbéra. Tí àwo mọ́tò bá kà pé 220/380, ẹ ní kí wọ́n so ó ní delta fún 220. Ẹ má gbé VFD lé mọ́tò àtijọ́ oníkapásítọ̀ náà lórí: bí eré bá lọ sílẹ̀, súìṣì inú rẹ̀ á padà sí ipò ìgbéra, kọ́ìlì ìgbéra á sì jó.

Ọ̀nà kẹta ni èmi fẹ́ràn jù fún wa níbí. Ẹ yọ mọ́tò àtijọ́, ẹ fi mọ́tò onímágínẹ́ẹ̀tì 24 volt, bíi 250 watt, tó ní gíà, rọ́pò rẹ̀, irú tó wà lára kẹ̀kẹ́ oníná kéékèèké. Bátìrì ọkọ̀ 12 volt méjì tí a so tẹ̀lé ara àti PWM 30 ampere ló kù. Tí bátìrì náà bá jẹ́ 75 ampere-wákàtí, tí mọ́tò ń jẹ ampere 10, tí ìfì kan sì gba ìṣẹ́jú 10, ẹ ó fì ju ìgbà 20 lọ kí bátìrì tó dé ìdajì. Ẹ kò retí iná ìjọba, ẹ kò tan jẹnẹrétọ̀, ẹ sì lè gbé e lọ sóko.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yẹn

Gúnlẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń ṣe, ìyẹn ló wà nínú orúkọ Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó gúnlẹ̀ sí Àpápá ló mọ irú iná tí à ń lò. Ẹ̀rọ tó ti Ìlú Ọba wá kò ní ìṣòro hertz, 50 ni tiwọn náà. Ti Amẹ́ríkà ló yẹ ká ṣọ́. Tiráńsífọ́mà ń yí volt, kì í yí hertz. Mọ́tò irú kẹta tí wọ́n ṣe fún 115 volt àti 60 hertz, tí a gbé sórí 110 volt àti 50 hertz, á fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà kan lọ jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì tún gbóná sí i. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa yí lọ.

Ẹ wá lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa yìí. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́ "dín iná kù", ó mú régúlétọ̀ wá. Èkejì gbọ́ "Amẹ́ríkà", ó ní ká wé kọ́ìlì fún 230 volt. Wíwé kọ́ìlì á yanjú ọ̀rọ̀ volt lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò náà á ṣì máa sá eré kan ṣoṣo, afárá á ṣì máa fọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "jẹ́jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀".

Kí ẹ tó tan án

Ẹ fi fíùsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an. Ẹ fi bọ́tìnnì ìdádúró síbi tí ọwọ́ lè tètè tẹ̀, àti súìṣì lára ìdérí, kí agbọ̀n má lè yí nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣí. Ẹ gbé ohun ìṣàkóso jìnnà sí ẹnu ibi tí oyin ń gbà jáde, kí ẹ sì kó o sínú àpótí tó dé dáadáa, nítorí atẹ́gùn òkun Àpápá kì í pẹ́ jẹ irin. Ẹ to férémù tó wúwo ra wọn kọjú síra, kí dúrọ́ọ̀mù má baà máa jó kiri. Ẹ wo dúrọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀: oyin kan díẹ̀, ó sì ń jẹ páànù tí wọ́n fi zinc bò, àwọn ẹ̀rọ tó pẹ́ gan-an tún lè ní òjé níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Tí kò bá jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ẹ má náwó mọ́tò sórí rẹ̀.

Láti mọ eré, ẹ lẹ tépù funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n, ẹ ka iye ìgbà tó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Tó bá yá jù fún ojú, ẹ fi fóònù yà á ní fídíò, kí ẹ wò ó jẹ́jẹ́. Ẹ sàmì sí 60, 150 àti 300 lára bọ́tìnnì náà.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ọmọ wa kò ju èyí lọ. Mo ní kó ka àwo mọ́tò rẹ̀ fún mi: 115 volt, 60 hertz, kò ní kábọ̀n. Mọ́tò 24 volt ló ń wá báyìí. Mo sì ní nígbà tó bá padà dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, kó má sọ pé "ẹ dín iná ẹ̀ kù" mọ́. Kó sọ pé: "Ọ̀gá, mo fẹ́ kí agbọ̀n yìí fi 60 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí afárá kún inú ẹ̀, kó sì lè gun 300 díẹ̀díẹ̀. Irú mọ́tò wo ló wà níbẹ̀?" Ẹni tó bá mọṣẹ́ á ti ibẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó kù, tí ẹ bá mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí ní Òkè-Ògùn tàbí ibòmíràn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀.